Ẹ Má Fi Ilé Ọmọ Dáná

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n bí a bá tú u wò, kò kéré nínú. Ọ̀rọ̀ igi ni. N kò sọ ti igi àjà, n kò sì sọ ti igi ìdáná. Igi kéékèèké tí ọmọ ọdún kan títí dé ọmọ ọdún márùn-ún máa ń tò lé ara wọn ni mo ń wí, èyí tí wọ́n ń kì bọ inú ara wọn, tí wọ́n fi ń ṣe ilé, tí wọ́n fi ń ṣe afárá àti ọkọ̀. “Igi ìkọ́lé” ni àwọn ọmọ ilé mi ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi yóò sì máa pè é.

Ohun tí ó mú mi sọ ọ́ nìyí. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, a lọ sọ ọmọ lórúkọ ní ìhà Òkè Baalẹ̀ ní Òṣogbo wa yìí. Bí a ti jókòó tí à ń ṣe àdúà, ọmọ kan tí kò ju ọmọ ọdún méjì lọ ń wo fóònù lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún, bí a bá sì pè é, kò dáhùn. Kò pẹ́, iná tán nínú fóònù. Háà! Ẹkún tí ọmọ náà bú sí kò jẹ́ kí a gbọ́ orúkọ tí Ààfáà àgbà ń pè mọ́. Wọ́n fún un ní bisikíìtì, ó jù ú nù. Wọ́n pọ̀n ọ́n, ó ń ta ẹsẹ̀.

Bàbá káfíńtà kan wà níbẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ojúde ilé náà. Ó dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó lọ ṣa àjẹkù pákó mẹ́fà wá, ó to mẹ́ta lé ara wọn níwájú ọmọ náà, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ wò ó. Ó na ọwọ́, ó bì wọ́n wó. Bàbá tún tò ó, ọmọ tún wó o. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó mú ọ̀kan tí ó gbé e lé èkejì. Ẹkún ti tán. Ìyá rẹ̀ ní, “Ẹ ṣeun o, bàbá. Èló ni ẹ ó tà á fún mi?” Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, ta ní í ta ohun tí à ń gbá dànù?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn tó ẹnu mi, nítorí mo rántí ohun tí èmi fi irú igi bẹ́ẹ̀ ṣe ní ilé mi.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín. Ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, àkọ́bí mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Káfíńtà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ yìí ti ń ṣa ẹ̀là pákó, tí ó ń kó o sínú garawa kan tí ó ti lu. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Iṣáì, mo ti mọ́ṣáláṣí dé. Kò sí iná mànàmáná. Bí mo ti ń wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ gbá nǹkan, igun pákó gún mi lọ́mọ ìka ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ jáde. Inú bí mi. N kò béèrè ohunkóhun. Mo gbá gbogbo rẹ̀ jọ, mo ní kí ìyá rẹ̀ fi kún igi ìdáná. Ní àárọ̀, òun ni a fi po ògì. Nígbà tí ọmọ náà jí, ó wá igi rẹ̀ títí, eérú ni ó bá. Kò sunkún. Ó wò mí, ó ní, “Bàbá mi, mọ́ṣáláṣí yín ni mo kọ́. Ibi tí ẹ ti ń pe ìrun ni èyí tí ó ga yẹn.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi tí mo ń pe ìrun, mo fi mọ́ṣáláṣí dáná mu ògì. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yìí kò kó igi wọlé mọ́. Èyí tí ó tún burú ni pé ó pẹ́ púpọ̀ kí ó tó tún mú ohunkóhun tí ó bá ṣe wá hàn mí, ìbáà ṣe àwòrán, ìbáà ṣe ìwé iléèwé. Nígbà náà mo rò pé ó ti gbọ́n ni. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé ẹ̀rù ni ó bà á.

Kì í ṣe pé irú eré yìí ṣàjèjì sí wa. Ta ni nínú wa tí kò ti ẹsẹ̀ bọ iyẹ̀pẹ̀ tútù rí, kí ó fi ọwọ́ lù ú pẹ́pẹ́, kí ó sì rọra yọ ẹsẹ̀ kí ilé má bàa wó? Ta ni kò fi pòròpòrò àgbàdo ṣe ọkọ̀, tàbí kí ó fi agolo sadíìnì ṣe mọ́tò, kí ó fi ìdérí ìgò ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀? Ayò tí àwọn àgbà ń ta, ilé méjìlá ni ó ní, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin sì ni a ń kó sí ilé kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48. Ọmọ tí ó bá jókòó ti ọpọ́n ayò, ó ti ń ṣe ìṣirò kí ó tó mọ̀ pé ìṣirò ni òun ń ṣe. Eré kò wọ́n wa. Ohun tí àwọn ará ibòmíràn fi jù wá lọ ni pé wọ́n jókòó, wọ́n wo ọmọ tí ń ṣeré, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni Friedrich Froebel, ará Jámánì. Ní 1837, ní ìlú Blankenburg, ó dá ilé kan sílẹ̀ níbi tí eré ti jẹ́ iṣẹ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ní 1840, ó sọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí ọgbà àwọn ọmọdé. Lára ohun tí ó ń kó fún wọn ni igi onígun mẹ́rin kan tí a là sí mẹ́jọ lọ́gbọọgba. Ọmọ lè tú u palẹ̀, ó sì lè tò ó padà kí ó di ọ̀kan. Níbẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti ń rí i pé ìdajì méjì ni odindi kan, kí ẹnikẹ́ni tó fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ fún un.

Ní 1876, obìnrin kan ní Amẹ́ríkà rí igi Froebel níbi ìpàtẹ ńlá kan ní ìlú Philadelphia, ó sì rà á fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ni Frank Lloyd Wright, tí ó wá di ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán-ilé tí òkìkí wọn kàn jù ní ayé, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́rìí pé igi wọnnì wà lára ohun tí ó kọ́ òun ní iṣẹ́. Ọmọ tirẹ̀ pẹ̀lú, John Lloyd Wright, ṣe igi gbọọrọ tí a gé lẹ́nu kí wọ́n lè gán ara wọn mú, ó sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1920. Ẹ wo bí ohun ìṣeré tí ìyá kan rà ti rìn jìnnà tó.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti káfíńtà kan ní ilẹ̀ Dẹ́nímáàkì. Ole Kirk Kristiansen ni orúkọ rẹ̀, ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Billund ni ó ń gbé. Ní 1932, ọ̀wọ́n owó dé bá ayé, kò sí ẹni tí ń gbé iṣẹ́ fún un mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi igi ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Ní ọjọ́ kan ọmọ rẹ̀, Godtfred, fi ìdùnnú sọ fún un pé òun ti bá a fi owó pamọ́: pẹ́pẹ́yẹ onígi tí wọ́n máa ń kùn ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni òun kùn ún, ẹrù sì ti dé ibùdó rélùwéè. Bàbá rẹ̀ kò yìn ín. Ó ní kí ó lọ kó gbogbo rẹ̀ padà wá, kí ó kùn ún ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kí ó sì dá a ṣe, ìbáà gba gbogbo òru. Àwa ará Òṣogbo tí rélùwéè ti wọ ìlú wa láti 1907, a mọ bí ó ti ń rí kí ẹrù ti dé ìdíkọ̀ kí á tún ní kí á rù ú padà sílé. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ o! Ọmọdé tí yóò fi pẹ́pẹ́yẹ ṣeré kò lè ka iye ìgbà tí a kùn ún, ṣùgbọ́n Ẹni tí ó dá a lè kà á.

Káfíńtà yìí ni ó sọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní LEGO, láti inú ọ̀rọ̀ méjì nínú èdè wọn tí ó túmọ̀ sí “ṣeré dáadáa”. Ní 1958, ọdún tí ó kú, Godtfred kọ̀wé gba àṣẹ fún bíríkì oníke tí ń di ara rẹ̀ mú típẹ́típẹ́. Ní 1960, iná jó ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣeré onígi sí, láti ìgbà náà ni wọ́n ti fi igi sílẹ̀ fún ike. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú títò nǹkan pọ̀, ẹ gbọ́ èyí: bíríkì mẹ́fà péré, olórí mẹ́jọ-mẹ́jọ, tí àwọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan, ọ̀nà tí a lè gbà tò wọ́n pọ̀ jẹ́ 915,103,765. Mẹ́fà péré o! Ta ni yóò wá sọ pé ọmọ tí ó jókòó ti igi ogún kò ní nǹkan ṣe?

Kí a má sì rò pé òkè òkun nìkan ni ọwọ́ ti ń sọ ènìyàn di ńlá. Bírikìlà ni Adébísí Àkànjí nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo yìí. Láti àwọn ọdún 1960, iṣẹ́ aláràbarà tí ó ń fi sìmẹ́ǹtì ṣe ti gbé orúkọ rẹ̀ dé ìlú òyìnbó. Ọwọ́ tí ó bá mọ bí nǹkan ti ń dúró àti bí ó ti ń wó, ọwọ́ ọlọ́wọ̀ ni.

Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní 2007, dókítà kan ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, Dimitri Christakis, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín igi ìkọ́lé fún àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún kan àbọ̀ sí méjì àbọ̀, wọ́n sì fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn òbí nípa bí wọn yóò ṣe máa bá ọmọ ṣeré. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ ọ̀rọ̀ sọ ju àwọn tí a kò fún lọ. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n wí. Igi kò ní ẹnu, báwo ni ó ṣe kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀? Nítorí pé ẹni tí ó jókòó tì í ń sọ̀rọ̀ ni: “Gbé e lé orí. Ó ti wó! Èwo ni ó gùn jù?” Fóònù a máa sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í dúró gbọ́ èsì. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ ní 2019 pé kí a má jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì máa wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rárá, àti pé kí ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, bí ó bá sì kéré sí i, ó dára jù.

Wàyí o, báwo ni a ó ṣe rí igi ìkọ́lé láìná owó rẹpẹtẹ? Ẹ lọ bá káfíńtà àdúgbò yín. Ẹ bẹ̀ ẹ́ fún àjẹkù pákó tí ó gbẹ dáadáa, tí kò ní ẹ̀hún. Arère dára nítorí pé ó fúyẹ́, bí ó bá já lé ọmọ lẹ́sẹ̀, kò ní ṣe é ní jàǹbá púpọ̀. Afàrà náà dára, ó sì le jù ú lọ. Kí ó gé gbogbo rẹ̀ ní íǹṣì méjì ní ìbú àti íǹṣì méjì ní gíga. Ní ti gígùn, kí àwọn kan jẹ́ íǹṣì méjì, kí àwọn kan jẹ́ mẹ́rin, kí àwọn kan jẹ́ mẹ́jọ. Ẹ má jẹ́ kí ó gé e bí ó bá ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́, nítorí nínú ìwọ̀n yìí ni ẹ̀kọ́ wà: kékeré méjì dọ́gba pẹ̀lú alábọ́ọ́dé kan, kékeré mẹ́rin dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ó gùn. Caroline Pratt, olùkọ́ kan ní New York, ti fi irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ṣe igi fún àwọn ọmọ láti nǹkan bí 1913, ó sì ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé títí di òní.

Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n máa di ara wọn mú, kí káfíńtà lu ihò sí abẹ́ igi kọ̀ọ̀kan, kí ó sì ri èèkàn roboto kékeré kan mọ́ ọn lórí. Kí èèkàn yìí fi díẹ̀ tín-ín-rín ju ihò lọ, kí ọmọ lè kì í bọ̀ ọ́ kí ó sì lè yọ ọ́ láìpe ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèkàn fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ yọ láti orí igi rárá. Ẹ jẹ́ kí ó fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn gbọingbọin, kí ẹ fà á wò fúnra yín kí ẹ tó gbé e fún ọmọ. Kò sí ìṣó nínú iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn náà, kí a fi pépà gbo gbogbo igun rẹ̀ títí yóò fi máa yọ̀ lọ́wọ́. Ogún igi tó bẹ̀rẹ̀, ogójì tó fún ọmọ méjì láìjà.

Ẹ̀yin ìyá, ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí dáadáa. Èkíní, igi tí ó bá lè wọ inú páálí roboto tí a ká bébà ìnùdí mọ́, ó ti kéré jù fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, nítorí ẹnu ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi ń wo nǹkan, ó sì lè há a lọ́fun. Èkejì, ẹ béèrè lọ́wọ́ káfíńtà bóyá a ti fi òògùn ikán sí pákó náà. Bí a bá ti fi sí i, ẹ má gbà á, ìbáà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ̀kẹta, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kun ọ̀dà tí ẹ kò mọ̀ sí i. Ọ̀dà mìíràn ní òjé nínú, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. A kò gbàgbé Ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010, níbi tí eruku òjé láti ara òkúta góòlù tí wọ́n ń fọ́ ti pa ọmọdé tí ó ju 400 lọ. Igi kò nílò ọ̀dà kí ó tó dùn mọ́ ọmọ. Bí ó bá dọ̀tí, ẹ fi ọṣẹ àti omi díẹ̀ nù ún, kí ẹ sá a sóòrùn. Ẹ má rẹ ẹ́ sínú omi, yóò wú, èèkàn kò sì ní wọ ihò mọ́.

Ẹ má ṣe kánjú ọmọ. Ọmọ ọdún kan yóò lu igi mọ́ igi, yóò sì wó èyí tí ẹ tò. Wíwó náà jẹ́ ẹ̀kọ́, ẹ má bínú. Nígbà tí ó bá tó ọdún kan àbọ̀, yóò to mẹ́ta tàbí mẹ́rin lé ara wọn. Ọmọ ọdún méjì lè to mẹ́fà. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè gbé igi kan dábùú méjì kí ó ní afárá ni. Ìka kò dọ́gba, ọmọ kan sì lè yá ju ọmọ kejì lọ. Bí ó bá kọ́ ohun kan, ẹ má kọ́kọ́ sọ fún un pé kò rí bí ilé. Ẹ bi í pé, “Kí ni èyí?” Ìbéèrè yẹn ni n kò bi ọmọ tèmi.

Ìyá kan ti bi mí pé, “Ààfáà, ṣé eré yìí kò ní sọ ọmọ di ọ̀lẹ? Kò ha sàn kí ó máa kọ́ A, B, D?” Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2004 ti ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké mọ́ ẹ̀kọ́ tí ó tọ́ sí gbogbo ọmọ ní Nàìjíríà, eré sì ni ọ̀nà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gbà kọ́ ẹ̀kọ́. Ọwọ́ tí yóò di lẹ́ẹ̀dì mú, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí a ti ń di nǹkan mú. Àwa Mùsùlùmí tilẹ̀ ní àpẹẹrẹ tiwa. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, rí ẹṣin alákìísà kan láàrin ohun ìṣeré Àíṣà, ẹṣin náà ní ìyẹ́ méjì. Ó bi í léèrè. Àíṣà ní ẹṣin Ànábì Sulaimọ́nù ṣáà ní ìyẹ́. Ó sì rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ fi hàn. Ó béèrè, ó gbọ́ èsì, ó rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo mọ ìtàn yìí láti ilé kéú, mo dáná.

Ní ọjọ́ Ajé, mo padà lọ bá bàbá káfíńtà ní Òkè Baalẹ̀. Ogójì igi ni ó gé fún àbíkẹ́yìn mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó ti di ọmọ ọdún méjìdínlógún, wá bá mi fi pépà gbo wọ́n. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí à ń gbo igi. Nígbà tí ó pẹ́, mo ní, “Mo ṣẹ̀ ọ́ nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Foríjì mí.” Ó gbójú sókè, ó ní, “Bàbá mi, ẹ ṣì rántí?” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, òun àti àbúrò rẹ̀ kọ́ ilé kan sáàrin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní ibì kan tí ó ga. Mo bi ọmọ kékeré náà pé kí ni, ó sọ fún mi. Ní ìdájí, nígbà tí mo ń lọ pe ìrun, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo rọra gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá.

Ẹ bá mi ṣe bẹ́ẹ̀ nílé yín.